Supermoto mi: bíréèkì iwájú tí ó ń rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀ gbágungbàgun

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá ọlọ́dà tí à ń lò lọ́nà Kuje dé ni, inú mi sì dùn ju bí ó ti rí nígbà tí mo kọ àkọsílẹ̀ tí ó ṣáájú èyí lọ. Ẹ ó rántí pé láti ìgbà tí mo ti gbé kálípà onípísítìnì mẹ́rin (kálípà ni ohun tí ń fi páàdì fún díìsì) àti díìsì 320 mm sí ẹsẹ̀ iwájú Suzuki DR-Z400SM mi yìí, alùpùpù supermoto tí à ń gùn lórí ọ̀dà àti lórí ilẹ̀, ni bíréèkì náà ti ń ṣe ségesège, tí mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu láti ra másítà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ ìdí apá bíréèkì tí ń ti òróró lọ sí kálípà, láti òkè òkun. N kò ní í rà á mọ́, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Kí n kọ́kọ́ mú àwọn iṣẹ́ tí ó ti parí kúrò nílẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀, mo ti fún ṣéènì bí ó ṣe yẹ, mo ti fọ fílítà afẹ́fẹ́, mo sì ti fi ọ́ìlì tirẹ̀ pa á. Ọ̀rọ̀ fílítà yìí nìkan ni n óò fi nǹkan kún: ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gùn ní Abuja ní àsìkò ọyẹ́ kò gbọdọ̀ dúró de àkókò tí ìwé Suzuki là sílẹ̀, nítorí pé eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà kúnná débi pé ó ń gba ibi tí yanrìn kò lè gbà. Ẹ fi gírísì pa etí fílítà náà níbi tí ó ti kan àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá tú u lẹ́yìn tí ẹ gùn tán, tí ẹ fi aṣọ funfun nu inú ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí aṣọ náà sì mọ́, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ó di orí bíréèkì. Pápá wa ní ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gùn díẹ̀, kọ́nà mélòó kan tí a fi kóònù là, àti apá kan tí ó jẹ́ ilẹ̀ pupa gbágungbàgun, nítorí pé eré supermoto kò pé láìsí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Carlsbad ní California ní 1979, nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC kó àwọn agùn-alùpùpù orí ọ̀dà àti àwọn ti orí ilẹ̀ jọ sójú ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn jù. Bí mo bá wà lórí ọ̀dà nìkan, bíréèkì mi le dáadáa. Ìka méjì tó láti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba orí ilẹ̀ kọjá, tí mo padà sórí ọ̀dà, tí mo sáré dé kọ́nà ọ̀tún tí ó há jù lọ, tí mo sì fa bíréèkì, apá bíréèkì tí ìka ń fà á rọ̀ wọlé títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan háńdù. Bí mo bá tú u sílẹ̀, tí mo tún un fà lẹ́ẹ̀kejì, á le bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù fífà àkọ́kọ́ yẹn kò ṣe é fẹnu sọ, nítorí pé kọ́nà kì í dúró de ènìyàn kí ó tún un fà.

Èrò tí ó kọ́kọ́ sọ sí gbogbo wa lọ́kàn ni pé òróró bíréèkì ń hó. Èrò náà kò burú, nítorí pé òróró bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, òjò Abuja sì ti bá a fínra fún oṣù púpọ̀ kí ọyẹ́ tó dé. DOT 4, ọ̀kan nínú àwọn irú òróró bíréèkì, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlànà gbà pé kí ó hó ní 155°C. Ti DOT 5.1 jẹ́ 260°C nígbà tí ó bá gbẹ, àti 180°C nígbà tí omi bá ti wọ̀ ọ́. Mo da ti àtijọ́ nù, mo fi DOT 5.1 sí i, mo sì fa afẹ́fẹ́ jáde títí kò fi sí ìfófó kankan mọ́. (Ẹ má ṣe ṣì í mú fún DOT 5 o, ìyẹn jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù, òun àti èyí kì í ṣe pọ̀.) Kò sí ohun tí ó yí padà. Ó tilẹ̀ yẹ kí n ti fura, nítorí pé òróró tí ó ń hó a máa burú sí i bí ooru bá ti ń pọ̀, fífà kejì kì í sì í wò ó sàn lójú ẹsẹ̀; tèmi ń ṣe bákan náà láti ìyípo àkọ́kọ́ tí díìsì ṣì tutù.

Mẹkáníìkì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní Apo sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà inú másítà yín ló ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbé yín ṣubú.” Mo ní kí ó jẹ́ kí n dán nǹkan kan wò ná. Bí rọ́bà másítà bá ti jẹ, apá bíréèkì á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí a bá dì í mú lójú kan. Mo fi okùn so apá náà mọ́ háńdù mọ́jú, nígbà tí mo sì dé ibẹ̀ láàárọ̀, kò yẹ̀ kúrò níbi tí mo so ó sí. Másítà kò jẹ̀bi.

Ìbéèrè tí ó wá là mí lójú ni èyí: kí ló dé tí kálípà àtijọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Kálípà tí Suzuki fi sí i láti ilé ní písítìnì méjì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì sì wà. Ara kálípà náà ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀, lórí ìṣó rẹ̀. Bí díìsì bá mì sí ọ̀tún tàbí sí òsì, kálípà á bá a lọ. Tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì gbọn-in, písítìnì méjì wà ní ọ̀tún, méjì wà ní òsì, tí díìsì bá sì mì, kò sí ohun tí ó lè yẹ̀ fún un ju àwọn písítìnì fúnra wọn lọ. Díìsì á tì wọ́n wọlé, òróró á padà sínú agolo òróró tí ó wà lókè lára másítà, nígbà tí mo bá sì fa apá bíréèkì, fífà àkọ́kọ́ kàn ń dá àwọn písítìnì padà sí ipò wọn ni, kò tí ì dé orí mímú díìsì. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí a kò lè fi ojú rí ti tó láti jẹ gbogbo ìrìn apá bíréèkì tán, nítorí pé písítìnì másítà kéré gan-an sí ti kálípà, ó sì ní láti rìn jìnnà kí ti kálípà tó sún díẹ̀. Àwọn tí ń sáré ní MotoGP, eré ìje alùpùpù àgbáyé, pàápàá a máa fi ìka kan apá bíréèkì fẹ́rẹ́ kí wọ́n tó dé kọ́nà, nítorí irú èyí. Mo ń ṣe é fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó di àṣà mi.

Nítorí náà, nǹkan kan ń mì ní ẹsẹ̀ iwájú. Mo gbé e kúrò nílẹ̀, mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì í, n kò sì rí ohun tí mo lè búra lé. Mo wá lọ bá bàbá kan tí ó ń lo ẹ̀rọ léètì ní Apo, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, láti yá agogo ìwọ̀n wọn, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi hàn bí nǹkan bá mì díẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lò. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ ká jọ wò ó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tẹ̀ lé mi. Wọ́n dè agogo náà mọ́ ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan díìsì, wọ́n ní kí n yí ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ kò rìn dé 0.15 mm, bẹ́ẹ̀ Suzuki fàyè gba 0.30 mm. Díìsì kò wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni bàbá gbá rímù mú, tí wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan láìyí i. Abẹ́rẹ́ náà fò, ó sì dúró síbi tí ó fò sí. Wọ́n tì í padà, abẹ́rẹ́ náà padà. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wò mí.

Bíárìn ni. Nígbà tí a fa ọ̀pá àárín ẹsẹ̀ náà yọ, tí mo fi ìka yí bíárìn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ díìsì, ó ń ha bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Gírísì inú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú, ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ti ní àpá tí èékánná lè mọ̀. Kálípà àtijọ́ ló ti ń bo àṣírí rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń yí geere, ṣùgbọ́n méjèèjì ni à ń pààrọ̀ pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná, ní Jos àti ní Kano, ọ̀rọ̀ rírà bíárìn yìí kàn yín pẹ̀lú. Láti 2006 tí ìjọba ti lé ọ̀kadà agbérò kúrò ní àárín ìlú Abuja, ẹni tí ó bá ń wá páàtì alùpùpù máa ń jáde sẹ́yìn ìlú ni, ohun tí ó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti Bajaj àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè ti DR-Z lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní kò sí. Nọ́ńbà tí ó wà lára bíárìn ni kí ẹ kà fún wọn, nítorí pé ìwọ̀n bíárìn kì í yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí èkejì bí nọ́ńbà bá ti jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ ìlọta lè wọ ẹsẹ̀ alùpùpù yín wẹ́kú. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé nọ́ńbà náà pẹ̀lú: 2RS ni èyí tí rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ZZ ni èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò, eruku wa kò sì ní í fi ZZ sílẹ̀. Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ bá ní Zuba fi gbogbo ẹnu sọ pé ojúlówó ni tòun. Mo fi aṣọ tí mo ti rì sínú epo nu bíárìn náà, orúkọ iléeṣẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ sì bá aṣọ lọ. Òun náà rí i. Ó tẹ̀ ba, ó mú òmíràn jáde lábẹ́ tábìlì, tí wọ́n kọ nǹkan sí i lára ní tòótọ́, owó rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Mo san án.

Fífi wọ́n sí kò gba àkókò. Bíárìn sùn nínú fíríìsà mọ́jú (iná kò lọ, ẹ bá mi dúpẹ́), a mú họ́ọ̀bù, àárín ẹsẹ̀ níbi tí bíárìn ń jókòó sí, gbóná, wọ́n sì wọlé láìsí wàhálà. Ohun tí bàbá tẹnu mọ́ ni páìpù kékeré tí ó wà láàrin méjèèjì: òrùka òde nìkan ni kí a máa kàn, kí bíárìn àkọ́kọ́ wọlé dé ìdí, kí èkejì sì dúró níbi tí òrùka inú rẹ̀ bá ti kan páìpù náà. Bí a bá kàn án kọjá ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìnira á máa wà lára bọ́ọ̀lù, bíárìn tuntun á sì bàjẹ́ láìpẹ́.

Bíréèkì sàn púpọ̀ lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n fífà àkọ́kọ́ ṣì ń rọ̀ díẹ̀. Mo wá dojú kọ díìsì fúnra rẹ̀. Òrùka tí páàdì ń fún wà lọ́tọ̀, àárín rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn ìṣó róbótó kéékèèké ló sì so wọ́n pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n lè yí, kí òrùka náà lè fúnra rẹ̀ wá àárín kálípà. Mẹ́ta nínú wọn kò yí rárá. Eruku pupa àti lẹ́búlẹ́bú páàdì ti dì wọ́n pa. Mo fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ojú ihò rẹ̀, mo fọ́n oògùn ìfọ-bíréèkì sí i, mo sì fi sípánà yí i síwá sẹ́yìn títí omi tí ó ń jáde fi mọ́. Ẹ má ṣe fi gírísì sí i o, páàdì ni yóò jẹ ẹ́.

Lónìí, apá bíréèkì dúró níbi tí mo fẹ́ kí ó dúró, àfi níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀dà, tí ó ní gegele kan. Ẹnìkan gbà mí níyànjú pé kí n fi sípíríǹgì sẹ́yìn písítìnì, bí àwọn onímọ́tò eré ìje ti ń ṣe, ṣùgbọ́n páàdì á máa ha díìsì nígbà gbogbo, n kò sì fẹ́ ìyẹn. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ọ̀la ni mo máa tú kálípà láti fọ àwọn písítìnì. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí ni mo jáde lọ wo ìdí ṣọ́ọ̀kì, mo sì rí ibi tí ọ̀pá àárín ti ń dán yinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì náà ń sún lórí rẹ̀. Nítorí náà, kálípà dúró ná. N óò tú àwọn ìṣó tí ó fún ọ̀pá náà, n óò tẹ ṣọ́ọ̀kì wọlé léraléra kí ẹsẹ̀ ọ̀tún lè wá ibi tí ó tọ́ fúnra rẹ̀, kí n tó fi sípánà tí ń wọn agbára dì í padà.

Owó másítà ti di owó táyà. Rímù iwájú mi fẹ̀ tó ínǹṣì 3.5, ti ẹ̀yìn 4.5, ti iwájú ni n óò sì kọ́kọ́ rà. Ti ẹ̀yìn ṣì lè gbé mi títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀.