Kọ́kọ́rọ́ Wà Lápò Ọ̀gá

Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Ìkẹ́nnẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa tí wọ́n ń kó ìwé ìtàn sí. À ń rí àwòrán ara ìwé kedere, àmọ́ àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ọ̀gá. Lọ́dún mẹ́fà tí mo lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí wọ́n ṣí i, lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò wá láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ní a máa ba ìwé jẹ́. Ìwé àlòkù tí bàbá mi ń rà bọ̀ láti ọjà Ṣágámù ni mo fi mọ ìwé kà. Òmíràn á ti já lẹ́yìn, èèyàn ò ní mọ bí ìtàn ṣe parí.

Ìdí nìyí tí láíbìrì ìlú tí mò ń gbé ní Texas fi jọ mí lójú. Ìlú kékeré ni. Kò sẹ́ni tó máa dúró lọ́nà láàárọ̀ béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ bíi ti ilé. Kálukú wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Gàrí Ìjẹ̀bú, mo máa ń wakọ̀ wákàtí méjì kí n tó rí i rà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ṣùgbọ́n ní láíbìrì, wọ́n fún mi ní káàdì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n mú ìwé tó bá wù mí. Mo bi obìnrin tó wà ní kántà pé ọwọ́ ta ni mo ti máa gbàyè. Ìbéèrè mi ò yé e rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró de Tolú, ọmọ mi, tí ilé ìwé bá ti parí. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń rí ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Kì í jókòó. Àárín pẹpẹ ìwé méjì ló máa ń dúró sí, á fi iwájú ìwé náà mọ́ àyà kẹ́nikẹ́ni má baà rí i. Tó bá kà á débi tó fẹ́ dé, á fi bébà ṣingọ́ọ̀mù sáàárín ewé, á dá a padà, á wo ọ̀tún wo òsì, á jáde. Lọ́jọ́ kejì á tún dé. Kò yá a lọ sílé rí. Lọ́jọ́ kan tó ti lọ, mo mú ìwé náà wò: ìtàn ọmọkùnrin kan tọ́kàn rẹ̀ fà sí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò mọ bó ṣe máa sọ fún bàbá rẹ̀. Mo kà tó ogún ojú ewé. Kò sí ìhòòhò níbẹ̀. Ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, káńsù ìlú wa ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé tó bá ti mẹ́nu ba géè kúrò níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mú ìwé. Wọn ò sun ún. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì tì í. Ọmọ tó bá fẹ́ kà á, kí òbí rẹ̀ wá fọwọ́ síwèé. Nígbà tí mo gbọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá wa ni mo rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kó o tán, ọmọ náà dé. Ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí àlàfo. Ó fi ìka kan àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka owó, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kò béèrè. Báwo ló ṣe máa béèrè ní kántà láìjẹ́ pé gbogbo ìlú mọ ohun tó ń bá a fínra?

Èmi náà lọ́mọ. Ìwé tí mi ò bá fẹ́ kí Tolú kà, mo máa ní kó dá a padà, iṣẹ́ ìyá nìyẹn. Káńsù kì í ṣe ìyá Tolú, kì í sì í ṣe ìyá ọmọ yẹn. Owó orí gbogbo wa ni wọ́n fi ra ìwé, owó orí àwọn géè náà wà ńbẹ̀.

Kò sì mọ sí ìlú wa. Ní káúntì Llano (káúntì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), ní Texas níbí náà, ìwé 17 ni àwọn aláṣẹ kó kúrò ní láíbìrì ní 2021 àti 2022. Ìtàn ọ̀dọ́ géè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará wa: ìtàn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ tó ń pa aláwọ̀ dúdú, wà nínú rẹ̀, títí kan ìwé ẹ̀rín ọmọdé lórí ọ̀rọ̀ ìsó. Òṣìṣẹ́ láíbìrì kan ní òun ò ní kó ìwé kankan, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn òǹkàwé pẹjọ́. Ní 2023 adájọ́ ní kí wọ́n dá ìwé padà, àwọn aláṣẹ sì ṣèpàdé lórí bóyá kí wọ́n kúkú ti láíbìrì pa. Wọn ò tì í. Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún 2025, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní òǹkàwé ò lẹ́tọ̀ọ́ láti torí ìwé tí wọ́n kó kúrò pe láíbìrì lẹ́jọ́.

Mo lọ sípàdé káńsù wa, mo sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù Ìkẹ́nnẹ́ fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pè láti ilé.

"Ìyá Tolú, ṣé òótọ́ ni pé ò ń gbèjà àwọn géè níwájú òyìnbó?"

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n rán mi létí òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì rántí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe ń rìn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ìlú sílẹ̀ kó tó ṣe WAEC, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi nípa Táí Ṣólárìn. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ó fi ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí ọ̀rọ̀ ìsìn, ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ nílùú wa ní 1956. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

"Ṣé ẹ bá fẹ́ kí káńsù ti ohun tí Táí kọ mọ́ yàrá ẹ̀yìn?"

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní:

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Kò wá mọ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fara mọ́ ohun tí mò ń ṣe o, kí n má ṣì wọ́n gbọ́. Wọ́n wá béèrè ọjọ́ ìpàdé tó kàn. Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje alẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì ti gbàyè níbi iṣẹ́.