Àyẹ̀wò ọdún 2025: ilé bàbá wa kò tíì tà

Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ni mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi pé, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò ti tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ dé, ilé ṣì wà níbẹ̀. Nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún yìí o: àbíkẹ́yìn mi wọ yunifásítì, ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì wálẹ̀ díẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé yẹn ló gba ọkàn mi jù.

Kò sí ohun tó ṣe ilé náà. Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ méjì, kànga tí kì í gbẹ, páànù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ìwé rẹ̀ pé. Sọ́fè wà, C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún ni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀) wà, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti Màmá wa ti fọwọ́ sí i. Lọ́yà wa ṣàlàyé pé Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí a gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ilé tó lè di ti ẹni tó rà á, a sì ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Èrò mi ni pé wàhálà ìwé ló máa ń dí ilé lọ́wọ́ títà. Tiwa kọ́. Àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó wá ra ilé wa, ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ọdún 1976 ni Bàbá kọ́ ilé náà, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni wọ́n ń gùn nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wá ra mọ́tò, ọgbà ọ̀rẹ́ wọn ní ìkóríta ni wọ́n ń gbé e sí títí wọ́n fi kú. Ní oṣù Kẹta mo fi téèpù wọn ọ̀nà náà láti gọ́tà dé gọ́tà níbi tó ti há jù: ẹsẹ̀ bàtà 11. Ọkọ̀ kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Bí méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn padà dé ìkóríta, pẹ̀lú Marúwá àti ọ̀kadà tó ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, kánópì òde. Ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ̀ àwọn ará ìjọ ní ọ̀tún àti òsì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó gbé jíìpù wá. Marúwá kan gé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kó tó dé ẹnu géètì wa. Kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ni mo gbójú lé jù, torí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń wálé. Èèyàn márùn-ún wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ àwọn tó wálé ló wá dí ọ̀nà pa, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi rìn wọlé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn jáde. Ọ̀kan nínú wọn ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà wàjà lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ẹni tó ṣèlérí náà wá ní òun kò lè máa dúnàádúrà lórí ilé nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀. N kò bá a jà. Kò padà wá mọ́.

Ní oṣù Kẹjọ, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá. Wọ́n fẹ́ràn ilé náà gan-an. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri, wọ́n tọ́ omi kànga wò. Nígbà tí a jáde, wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí àìsàn bá dé lóru, ibo ni ọkọ̀ máa gbà wá gbé mi?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Ní 2019, alẹ́ tí àìsàn Bàbá le, ọlọ́kọ̀ tí a pè dúró ní ìkóríta, torí kánópì ti gba ọ̀nà. Àga onígi tí Bàbá fi ń jẹun la gbé wọn lé. Ẹ̀gbọ́n mi di iwájú mú, èmi àti ọmọ aládùúgbò di ẹ̀yìn mú, a ń bẹ àwọn olóde pé kí wọ́n yà fún wa. Bàbá lo ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i láyé. N kò sọ pé ọ̀nà ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń gbọ̀n lórí àga yẹn kò kúrò lójú mi títí dòní. N kò lè purọ́ fún ìyá yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n dì mí mọ́ra, wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yé bínú sí ajẹ́ńtì wa. Mo lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò, tí n kò lọ rí láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Ọ̀nà wa kò há báyìí nígbà èwe mi. Àwa fúnra wa la jẹ ẹ́. Ẹnì kan yọ àtẹ̀gùn sójú ọ̀nà, ẹnì kan kọ́ ilé jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan da yanrìn sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Bàbá àgbà kan wò mí, wọ́n ní, “Pèpéle ìsọ̀ ìyá yín ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Pèpéle yẹn wọ ojú ọ̀nà tó ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Ìjọ gbà pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ yóò máa dúró sí, kí ìyókù máa lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ń ṣe é. Onílé alátẹ̀gùn wó tirẹ̀ láìjanpata. Ó wá ku tiwa.

Ọdún 31 ni Màmá fi ta gààrí Ìjẹ̀bú nínú ìsọ̀ yẹn. Kóńgò kan, kóńgò méjì, owó ilé ìwé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọkọ̀ yóò bá wọ ọgbà, ìsọ̀ gbọ́dọ̀ lọ, kí géètì tí ọkọ̀ lè gbà wọlé bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ní Ṣágámù ni Màmá wà láti 2020. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ ọ́, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé ọkọ̀ máa dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, “Ẹ wó o.” Pákó tí wọ́n ń gbé kóńgò lé nìkan ni wọ́n ní ká bá àwọn mú wá. Abẹ́ ibùsùn wọn ló wà báyìí.

Mílíọ̀nù 38 náírà la kọ́kọ́ pè é, a dín in kù sí 33. Ẹnì kan sọ 20, mo kọ̀, n kò sì kábàámọ̀. N kò ní dín in kù mọ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá yìí, ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá jókòó níwájú. Onílé alátẹ̀gùn jáde, ó ń fi ọwọ́ júwe fún wa, díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ fi wọ ọgbà tó sì dúró lẹ́nu pálọ̀. Láti 1976, ọkọ̀ kankan kò sùn nínú ọgbà yẹn rí. Màmá kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀, a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Nọ́ńbà ìyá nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, ni màá pè wọ́n.