Òru kan nínú àgọ́ ní Gbẹ̀rẹ̀fú, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí ọkàn mi lè fúyẹ́. ₦1,500 ni wọ́n ta agbọn kan fún mi ní Àgbádárìgì. Àgbádárìgì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ìlú tí igi agbọn pọ̀ ju òpó iná lọ. Mo dúró sábẹ́ igi agbọn, mo ń ná agbọn, obìnrin tó ń tà á sì ń wò mí bí ẹni wo aláìmọ̀kan. Ó nawọ́ sí báńdì àjọ̀dún tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ so báńdì mọ́wọ́. Iye tí àwọn oníbáńdì ń rà á nìyẹn."

Mo san án. Ìdòwú ti ń sunkún òùngbẹ, ta ló sì ń ná ọjà lójú ẹkún ọmọ?

Bàbá Ìbejì ló kó wa sínú rẹ̀. Ó rí ìpolówó kan lórí WhatsApp ní ìparí November: àjọ̀dún orin fún tọmọ-tòbí, ọjọ́ méjì, òru kan nínú àgọ́ létí òkun, ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, nínú ìsinmi December. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London ti fi àgọ́ kan ránṣẹ́ sí wa láti ọdún tó kọjá, eruku ló ń jẹ lórí wọ́dírọ́ọ̀bù. Ó ní ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Àwọn ọmọ gbọ́, ilé dàrú. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún 8, Ìdòwú jẹ́ 5, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í ṣàdédé ki Ìdòwú ní èṣù lẹ́yìn ìbejì. Kò sí èyí tó sun ìta rí nínú wọn, àfi ọjọ́ tí ooru bá lé wa jáde sí bákónì.

Ìkòròdú la ti gbéra ní aago márùn-ún ìdájí. Ní Mile 2, àwọn ọmọ rí ọkọ̀ ojú irin Blue Line, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023. Ìdòwú ní kí ló dé tí a ò wọ̀ ọ́ lọ. Mo ní Mile 2 yìí ló ń dé. "Kí ló dé tí kò lọ síwájú?" Ọmọ mi, ìbéèrè gbogbo wa nìyẹn. Láti Òkokomáìkò lọ, mo pajú dé: níbi tí ọ̀nà ti dára mo sùn, níbi tí kò ti dára mo díbọ́n, títí a fi dé Marina ti Àgbádárìgì, níbi tí a gbé mọ́tò sí.

Ọ̀sà ló ya Gbẹ̀rẹ̀fú kúrò lára Àgbádárìgì, òkun sì ni ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn sọdá. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìpolówó pé owó ọkọ̀ wà nínú owó tí a san. Ẹrù ńkọ́? Ẹrù ò sí nínú rẹ̀. Àgọ́, ẹrù ni. Kúlà, ẹrù ni. Ìrọ̀rí Ìdòwú tí kò lè sùn láìsí i, wọ́n ní ẹrù lòun náà. ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sanwó ẹrù, ṣùgbọ́n mo kọ̀ láti wọkọ̀, torí jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé méjì ni wọ́n mú wá fún ọmọ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ fi ti àgbà bọ Ìdòwú lọ́rùn. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ o. Bí ọmọ bá já sómi, jákẹ́ẹ̀tì àgbà á léfòó lọ, ọmọ á sì yọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń pòṣé sí mi, mo jókòó tì wọ́n lórí àpótí. Wọ́n rí ìkẹta nígbà tó yá. Abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ kan náà ló wà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì, iyanrìn ni ẹ óò rìn kí ẹ tó dé òkun. Ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Táyé dúró tì í, ó ń rò ó. "Mọ́mì, tí mo bá mu ún, ṣé mo máa gbàgbé Ìdòwú?" Kí n tó lanu, Ìdòwú ti bú sẹ́kún. Mo gbé e, mo sì ń ronú ohun tí màá sọ fún ọmọ ọdún 8 nípa ọ̀rọ̀ yẹn, ni a bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bíà, spíkà ńlá kan ń dún gbì gbì gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Inú mi ò dùn sí i, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí inú mi ò dùn sí i. Etíkun náà gùn. Wọ́n lè gbé e síbòmíràn.

Ó wá di ọ̀rọ̀ àgọ́.

Bàbá Ìbejì ti wo fídíò bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó tẹ́ ìwé ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Nínú àwòrán ìwé náà, orí koríko ni àgọ́ wà, koríko London, tútù yọ̀yọ̀. Ó kan èèkàn àkọ́kọ́, ó wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kan ìkejì. Ó fa okùn kí ó le, ni àkọ́kọ́ bá yọ jáde bí ẹni fa abẹ́rẹ́ yọ nínú ẹ̀kọ. Ó tún un kàn. Atẹ́gùn òkun fẹ́, àgọ́ wú, ó gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú Kẹ́hìndé tó di etí rẹ̀ kan mú, àgọ́ di agọ̀ eégún. Àwọn ará àgọ́ tó kù ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò pẹ́, torí tiwọn náà ò tíì dúró.

Bàbá apẹja kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti wò wá tó wákàtí kan kó tó dìde. Ó kí wa ní èdè Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ó rí i pé a ò gbọ́, ó bọ́ sí Yorùbá.

"Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iyanrìn ò mọ èèkàn. Àpò dà?"

Àpò ìrẹsì méjì ló wà lọ́wọ́ wa, a fi kó ìkòkò àti bàtà. Mo tú ẹrù inú wọn dà sílẹ̀, bàbá sì rán Táyé lọ mú méjì sí i wá láti ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ bu iyanrìn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìdajì. Ó ká ọrùn àpò, ó fi okùn àgọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ki etí okùn bọ abẹ́ ara rẹ̀, ó fà á pẹ̀lú eyín. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ títí iyanrìn fi dé ìgúnpá rẹ̀, ó tẹ́ àpò síbẹ̀ ní ìbú, kò nà án ró, ó wa iyanrìn bò ó, ó ní kí Ìdòwú wá jó lé e lórí. Ìdòwú jó. Bàbá fa okùn náà, ó ń dún bíi gìtá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àgọ́ ò sì mira mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ fún un lówó, ó ní rárá, bísíkíìtì tó wà lọ́wọ́ ọmọ ti tó.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ̀dún ti rí ọgbọ́n náà. Wọ́n ń ta àpò iyanrìn kiri àárín àgọ́, ₦2,000 lórí ẹyọ kan. Iyanrìn, létí òkun!

Orin ńkọ́? Orin wà. Jùjú wà, fújì wà, àwọn ọ̀dọ́ kan tí orúkọ wọn ò yé mi náà kọrin. Ẹ yẹ ibi tí spíkà kọjú sí wò kí ẹ tó pa àgọ́ yín. Àwa ò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà bí onílù bá ti ń lulẹ̀, ìrọ̀rí ń mì. Òwú ni mo fi dí etí àwọn ọmọ, kò sì ràn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìdílé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé nǹkan ìbotí ńlá wá fún ọmọ wọn, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò, ọmọ náà sùn fọnfọn. Mo jowú wọn.

Ọ̀sán ló dùn jù. Àwọn onílù Sátò jáde, ìlù ńlá tó ga ju ọkùnrin tó ń lù ú lọ. Wọn kì í dúró lójú kan lù ú: wọ́n ń jó yí i ká, wọ́n ń fi igi bà á bí wọ́n ṣe ń kọjá. Táyé ò wo ọwọ́ wọn rárá, ẹsẹ̀ wọn ló ń wò, ètè rẹ̀ ń ka nǹkan. Lẹ́yìn wọn ni Zángbétò wọlé. Ẹni tí kò rí i rí, kí ó ro òkìtì ìko kan tó ga ju èèyàn, tó ń yí bí òòyì, tí ẹsẹ̀ kankan ò hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni ọlọ́dẹ òru àwọn Ògù láti ayébáyé. Kẹ́hìndé ní ta ló wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó dúró tì wá fi ìka lé ètè. Àwọn tó tẹ̀ lé e gbé ìko náà, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Òfìfo ni! Ariwo sọ. Ìdòwú tí kì í bẹ̀rù ajá ti wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó di í lọ́rùn pinpin. Ó sọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́:

"Dádì, ṣé òun náà ní báńdì?"

Oúnjẹ inú ọgbà kò yẹ ní sísọ. ₦4,500 fún ìrẹsì tútù àti itan adìẹ kan tó le bíi roba. Ẹ gba abẹ́ okùn tó yí ọgbà ká kọjá. Lẹ́yìn okùn, ìyá kan ń ta ìrẹsì alágbọn pẹ̀lú ẹja tútù, ₦2,000. Ó ń rin agbọn lójú wa, ó ń fún un sórí ìrẹsì tó ṣì ń hó, òróró agbọn ń ta léfòó. Kẹ́hìndé tó máa ń ka hóró ìrẹsì nílé jẹ àwo tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu ìdí rẹ̀. A padà lọ lálẹ́. Ìyẹn nìkan nínú gbogbo owó tí mo ná níbẹ̀ ni n kò ro.

Olórin tó jẹ́ pé torí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe wá, aago 10 ni wọ́n kọ fún un. Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 20 ló gorí pèpéle. Àjọ̀dún ọmọdé! Àwọn ọmọ mi ti sùn tipẹ́. Nínú òkùnkùn ni mo ti gbọ́ ọ, mo dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ Táyé wà ní ikùn mi. Ó kọrin dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tó parí tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, mo rò pé oorun ti dé, omi bá kán sí mi níwájú orí. Mo rò pé òjò ni. Èémí àwa márùn-ún ló lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé àgọ́ tó sì di omi, torí Bàbá Ìbejì ti fi síìpù pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ dé nítorí ẹ̀fọn. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì nìkan sílẹ̀. Ní bíi aago mẹ́rin, nǹkan kan ń họ ẹ̀gbẹ́ àgọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ kan ọkọ mi, kò dáhùn. Ìdòwú ló tan tọ́ọ̀ṣì. Akàn ni, wọ́n pọ̀ yí wa ká, ojú wọn lé téńté lórí bí orí ìṣáná, bí iná bá ti kàn wọ́n wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ sáré wọ ihò. Àwa méjèèjì tan iná, a pa á, a tan án, a pa á, títí ojúmọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀rín ni ó ń rín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa jí bá wa pín in.

Láàárọ̀, garawa omi ìwẹ̀ kan di ₦1,000, ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ti gùn débi tí n kò fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Òkun ibẹ̀, ẹ fojú wẹ̀ ẹ́ ni, ìgbì rẹ̀ lágbára, ó sì ń fà. Kókósẹ̀ la jẹ́ kí àwọn ọmọ fi kàn án, a di wọ́n lọ́wọ́ mú.

Kẹ́hìndé pòórá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àyà mi já. Ó padà dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ bàbá apẹja, ó fa ọwọ́ súwẹ́tà bo báńdì rẹ̀, ó gbé agbọn méjì dání. Mo béèrè iye tó rà á.

"₦500, Mọ́mì."

"Ẹyọ kan?"

"Méjèèjì."

A délé lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Mo ní kí wọ́n tẹ́ àgọ́ sí pálọ̀ kó lè gbẹ. Títí di Wednesday, kò sí ẹni tó jẹ́ kí n ká a. Táyé gbé kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jó yí i ká, ó ń fi ọmọ orógùn mi méjì lù ú. Bàbá Ìbejì ti ibi iṣẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ra wọlé lọ bá wọn. Ìdòwú na ọwọ́ dí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Báńdì yín dà, sà?"

Ó ti gé tirẹ̀ sọnù láti Marina. ₦200 ló san kó tó wọlé, wọ́n sì gba owó ẹrù lórí báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀.