22/7 Kì Í Ṣe π

Ẹ wọ kíláàsì SS1 ní Ìkòròdú, ẹ kọ 22/7 sára bọ́ọ̀dù, kí ẹ bi àwọn ọmọ bóyá rational ni tàbí irrational. Ọ̀pọ̀ ló máa ní irrational ni, torí wọ́n ti há a sórí pé 22/7 ni π, nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò òbìrìkìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Odidi ni 22, odidi ni 7. Nọ́ńbà tó bá ti ṣeé kọ bí odidi lórí odidi, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe òdo, rational ni; èyí tí kò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀ ni irrational. 22/7 jẹ́ 3.142857142857…, π jẹ́ 3.14159265…, lẹ́yìn 3.14, kálukú ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó kàn sún mọ́ π ni a fi ń lò ó. Onímọ̀ ìṣirò Johann Lambert ló fi ẹ̀rí hàn ní 1761 pé kò sí ìdá kankan tó lè jẹ́ π gan-an.

Ìdá! Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ dì mú. 5 jẹ́ 5/1, 0.75 jẹ́ 3/4. Èyí tó ń yípo láìdúró náà ní ìdá tirẹ̀. Ẹ wo 0.272727…: ẹ pè é ní x. Nọ́ńbà méjì ló ń yípo, nítorí náà ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 100x = 27.2727… Ẹ yọ x kúrò, ó ku 99x = 27. x jẹ́ 27/99, ìyẹn 3/11. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń yípo, 10 ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, 1000.

Kalikulétọ̀ ló ń tan àwọn ọmọ jù. Ẹ tẹ 1 pín sí 17: 0.0588235294 ló máa gbé wá, ẹ kò ní rí ohun tó yípo, torí nọ́ńbà 16 ló gbọ́dọ̀ jáde kó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Rational ni síbẹ̀. Ẹ wá tẹ √2, ìyẹn square root 2, nọ́ńbà tó máa fún wa ní 2 bí a bá fi lọ́po ara rẹ̀: 1.414213562, ó dúró. Ojú ẹ̀rọ ló kún, nọ́ńbà kò tán, irrational ni. Ẹ fi 1.414213562 lọ́po ara rẹ̀ lórí ìwé: 2 ló parí rẹ̀, nítorí náà 4 ló máa parí èsì, kò lè jẹ́ 2 géérégé láé.

Bí káfíńtà ní Ẹ̀pẹ́ bá gé pákó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà kan-kan, láti igun kan dé èyí tó dojú kọ ọ́ jẹ́ √2 mítà. Téèpù á sọ pé sẹ̀ǹtímítà 141 àti díẹ̀, ìyẹn sì tó láti fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó pín mítà yẹn sí ọ̀nà mílíọ̀nù, igun náà kò ní bọ́ sórí ìlà kankan.

Fún square root, ẹ tú nọ́ńbà sí prime, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi sí 1 àti ara rẹ̀. 144 jẹ́ 2×2×2×2×3×3. Gbogbo wọn ló ní èkejì, èsì jẹ́ 12. 72 jẹ́ 2×2×2×3×3. 2 kan ṣẹ́ kù láìní èkejì, nítorí náà irrational ni √72. Bó bá jẹ́ ìdá, ẹ kọ́kọ́ dín in kù: √(8/18) dà bí irrational lókè àti nísàlẹ̀, àmọ́ 8/18 jẹ́ 4/9, èsì sì jẹ́ 2/3. Ẹ ṣọ́ra fún √0.4 náà. √0.04 ló jẹ́ 0.2, 0.4 jẹ́ 2/5, kò sì sí èyí tó ní èkejì níbẹ̀.