Ẹ bá wa dúpẹ́: yúníìtì ínsúlìn 42 ti di 0

Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè, ọpẹ́ sì ni fún àwọn nọ́ọ̀sì tí kò fojú kan oorun. Àwa tí àtọ̀gbẹ gbé dé bèbè ikú tí a sì padà wálé, a fẹ́ sọ ohun tí a ń dúpẹ́ lé lórí gan-an, nítorí "Olúwa ṣe é" nìkan kò tó ẹni tó ń kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ wálé lónìí.

Flatbush ni wọ́n ń pe irú àtọ̀gbẹ yìí, lórúkọ àdúgbò kan ní Brooklyn, New York, tí àwọn dókítà ti kọ nípa rẹ̀ ní 1994 lára àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú. Ó ń mú àwa ọmọ Áfíríkà náà. Òjijì ló máa ń dé: òùngbẹ, ìtọ̀ léraléra, inú rírun, èébì, èémí jíjìn tó ń rùn bí ọ̀pẹ̀-òyìnbó tó ti pọ́n jù. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kan nìyẹn. Omi iyọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fà síni lára, wọ́n á sì wo potassium (iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) kí ínsúlìn tó wọlé, torí ínsúlìn máa ń lé potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ jù, ìlù ọkàn á dàrú.

Ilé ni iṣẹ́ wà. Ẹ mú ẹni tó wọn kílò 70: ó lè gba yúníìtì ínsúlìn 42 lóòjọ́, 28 láàárọ̀, 14 lálẹ́. Pancreas rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlìn, kò kú. Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù ló mú un dákú. Bí ṣúgà ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń jí, tí 42 àná á wá di àpọ̀jù. Àmì pé ṣúgà ti wálẹ̀ jù nìwọ̀nyí: òógùn, ara gbígbọ̀n, ojú ṣíṣú. Bí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà bá ti ka ohun tí kò tó 70 mg/dL, ẹ mu kúùbù ṣúgà 4 nínú omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà: bí ṣúgà bá já wálẹ̀ lójú oorun tàbí ní ìdájí, ti alẹ́ ni yóò dín, bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ti àárọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí 28 jẹ́ 28 ná. Ínsúlìn tó funfun bí omi ògì, ẹ yí ìgò rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ nígbà 10, ẹ má mì ín. Bí omi rẹ̀ bá ṣì dá dúró lókè tí funfun rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, ohun tí síríńjì ń kà kọ́ lẹ gún. Ojú kan náà tí a ń gún lójoojúmọ́ á sì le, ínsúlìn á há síbẹ̀.

Àsìkò tí yúníìtì ń wálẹ̀ yìí gan-an ni alágbo máa ń gba ògo (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa), tí ẹlòmíràn sì máa ń ju abẹ́rẹ́ nù. Àyẹ̀wò C-peptide (tó ń fi bí pancreas ṣe ń ṣe ínsúlìn tó hàn) àti GAD (tó ń fi hàn bóyá ara ń gbógun ti pancreas fúnra rẹ̀) ló ń sọ ẹni tó lè dá ínsúlìn dúró. Kì í ṣe ọjọ́ tí omi ṣì wà lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe C-peptide, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, torí pancreas tó dákú á purọ́. Bí GAD bá jáde, tàbí tí C-peptide kò tó nǹkan, irú mìíràn ni, ínsúlìn kò gbọdọ̀ dúró.

Fún ẹni tó dé 0, metformin, oògùn oníhóró, ló sábà máa ń kù, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti bébà tí a fi ń wá kítóònù (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ kan) nínú dúrọ́ọ̀. Ibà tàbí àkóràn lè dá a padà. Ṣúgà tó kọjá 250 pẹ̀lú èébì, ẹ fi bébà náà yẹ ìtọ̀ wò. Bí ó bá ti yí àwọ̀ padà di àlùkò (purple), ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lóru yẹn.