Ohun tí Wákàtí Mímọ́ kọ́ mi nípa ọpẹ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Òwe náà tọ̀nà láàárín ènìyàn sí ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú ìfọkànsìn mi sí Ọkàn Mímọ́ Jésù, ọkàn tó dúró fún ìfẹ́ rẹ̀ sí ènìyàn, mo ti rí i pé ọpẹ́ tí ojú rẹ̀ ń wo oore tó ń bọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ kò burú, nítorí Olúwa fúnra rẹ̀ ló ní kí a béèrè. Àmọ́ ìfẹ́ tó ti wà kí a tó béèrè ohunkóhun ní ọpẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nínú Wákàtí Mímọ́, ìyẹn wákàtí kan tí a fi ń gbàdúrà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ni mo ti kọ́ èyí. Ní 1675, Jésù fi Ọkàn rẹ̀ han Ẹni-mímọ́ Margaret Mary Alacoque, tó jẹ́ sísìtà, ní ilé àwọn sísìtà tó wà ní Paray-le-Monial, nílẹ̀ Faransé, ó sì sọ fún un pé Ọkàn tó fẹ́ràn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn bí kò ṣe àìmoore. Ṣáájú ìgbà náà, Jésù ti ní kí sísìtà náà máa gba Ara Kristi ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù, kí ó sì máa bá òun ṣọ́nà láti aago 11 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ di aago 12 òru, ní ìrántí ìrora rẹ̀ ní Gẹtisémánì, níbi tí oorun ti gbé àwọn àpọ́sítélì lọ. Ní 1856, Póòpù Pius Kẹsàn-án fẹ àjọ̀dún Ọkàn Mímọ́ dé gbogbo Ìjọ Kátólíìkì. A tún so ìlérí mọ́ gbígba Ara Kristi ní Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù 9 léraléra, pé ẹni tó bá ṣe é kò ní kú láìrí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Àwọn kan sì ń ka Ẹtì 9 yìí bí ẹni ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀, bó bá ti pé, ó parí. Èyí kì í dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ní wákàtí tèmi, n kì í béèrè ohunkóhun. Mo máa ń ṣí Ìhìnrere Jòhánù, orí 19, ẹsẹ 34, níbi tí ọmọ ogun ti fi ọ̀kọ̀ gún ìhà Jésù, tí ẹ̀jẹ̀ àti omi sì tú jáde, mo sì ń kà á lákàtúnkà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fojú sí ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí nínú Mísà, ìyẹn ìgbà tí Fádà bá da omi díẹ̀ sínú wáìnì tó wà nínú ife. Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Kátólíìkì, sọ ní 1562 pé ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni omi tó bá ẹ̀jẹ̀ jáde láti ìhà Kristi.

Ara pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Ìlànà Ìjọ ni pé kí orúnkún ọ̀tún kan ilẹ̀ níwájú Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́, ìyẹn Ara Kristi tí a fi pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ. Bí mo bá kánjú kúnlẹ̀, ọpẹ́ ẹnu mi náà máa ń yára parí.

Nígbà tí àìsàn dá ẹni tí mo fẹ́ràn dùbúlẹ̀, tí ó sì kú lẹ́yìn gbogbo àdúrà wa, ọpẹ́ yìí nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. N kò lè dúpẹ́ ìwòsàn tí kò dé, Ọlọ́run kò sì ní kí n díbọ́n. Ṣùgbọ́n ìhà tí wọ́n gún ṣì wà níbẹ̀ nítorí mi àti nítorí òkú náà, mo sì lè dúpẹ́ èyí pẹ̀lú omijé lójú.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti fi wákàtí kan gbáko bẹ̀rẹ̀. Kí ó jókòó díẹ̀ lẹ́yìn orin ìparí Mísà, nígbà tí àwọn yòókù bá ń jáde, kí ó má sì tíì mẹ́nu kan àìní rẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè tẹrí ba, ẹni tí iṣẹ́ òru kò sì jẹ́ kó rí àyè ní Ọjọ́bọ̀ lè yan wákàtí mìíràn nílé ara rẹ̀.