Bí Mo Ṣe Rí Sójà Ilé Wa

Abẹ́ ìró àrán, nínú àpótí pánù ìyá àgbà wa ní Òṣogbo, ni ìwé náà wà. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ṣì hàn lára rẹ̀, NA/ ló sì ṣíwájú rẹ̀. Nọ́ńbà iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ni. Sójà ni nígbà ogun Hitler. Ó lọ sí Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, kò padà wálé.

Orúkọ ìdílé wa ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn sójà tó kú lójú ogun. N kò rí nǹkan kan. Mo tẹ "Osogbo", òfo náà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pààrà ibẹ̀ kó tó yé mi. Àwọn akọ̀wé ológun ìgbà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè orúkọ bàbá ẹni. Ìlú tí èèyàn ti wá ni wọ́n sábà máa ń fi kún orúkọ rẹ̀. Làwàní tó bá ti Ìlọrin wá, Lawani Ilorin ló máa jẹ́ nínú ìwé wọn. Òṣogbo tiwa sì rèé, "Oshogbo" ni òyìnbó ń kọ ọ́. Bí mo ṣe ki h bọ àárín rẹ̀ báyìí, orúkọ ń tú jáde!

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá èèyàn yín, ẹ yan Nigeria Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ìgbà yẹn, kí ẹ tẹ ìlú, kí ẹ sì kọ orúkọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Yésúfù lè jẹ́ Yesufu, ó lè jẹ́ Yusufu tàbí Isufu. Ẹni mẹ́ta ló jọ ẹni tí mò ń wá. Nọ́ńbà inú àpótí ló yà á sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tú ilé kí ẹ tó ra dátà: ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ wo àárín Kùránì àtijọ́.

Ara Rangoon Memorial, ibi ìrántí àwọn sójà, ní Taukkyan lórílẹ̀-èdè Myanmar, ni orúkọ rẹ̀ wà, pẹ̀lú nǹkan bí 27,000 mìíràn tí a kò mọ ibojì wọn.

Ìwé tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń kọ lójoojúmọ́ ní Bọ́mà wà ní The National Archives, ibi ìkówèésí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew ní London, lábẹ́ àkójọ tí wọ́n fi WO 172 ṣàmì sí. Ọ̀fẹ́ ni wíwá àkọlé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àfi kéèyàn lọ síbẹ̀ tàbí kó sanwó ẹ̀dà. Fọ́tò ni mo gbádùn jù, lórí ìkànnì Imperial War Museums. Orúkọ bárékè wa ni mo fi ń wá a: Arakan ti Àpápá, Letmauk ti Ìbàdàn, Dalet ti Kàdúná. Ojú ogun Bọ́mà ni gbogbo wọn. Ọdún mélòó ni mo ti ń wọ mọ́tò kọjá níwájú Letmauk láìmọ̀ pé àwọn ọmọ wa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!

Ìyá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé orí ọjọ́ ikú, 16 oṣù Kejì 1945, ó ní kí n dúró.

"Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀?"

Mo wo kàlẹ́ńdà ọdún náà lórí fóònù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni.

Ó ní kí wọ́n bá òun pe Ààfáà.